Àtọ̀gbẹ nínú ilé: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọdún 2013 ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, a sì jọ ń gbé láti ìgbà náà. Nínú ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí bẹ́ǹṣì tí a máa ń jókòó sí de dókítà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ṣáá. Mo kó wọn jọ síbí. Oògùn tiyín gan-an àti iye tí ẹ óò máa lò, ọ̀dọ̀ dókítà yín ni kí ẹ gbé e lọ. Ti ìkòkò ọbẹ̀, àríyá, ààwẹ̀ àti ẹnu ẹbí, ẹ jókòó ká jọ sọ ọ́.

Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní àtọ̀gbẹ?

Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ẹni tó ní in á máa tọ̀, á tọ̀ títí á fi gbẹ. Àwọn àgbà ti rí i kí ẹ̀rọ kankan tó dé. Wọ́n á ní kí ẹ lọ wo ibi tí bàbá tọ̀ sí. Bí èèrà bá ti bo ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín kò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà, á máa dà á sínú ìtọ̀, ṣúgà náà á sì máa fa omi ara tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ èèyàn, tó fi ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, tó sì ń rù bó ti ń jẹun bí ẹni tó ti oko dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èèrà. Tèmi kò mú èèrà kankan wá. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, mo ní mo fẹ́ lọ ra awò. Ẹni tó yẹ ojú mi wò bi mí bóyá mo ti wọn ṣúgà rí, mo rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, wọ́n wọ̀n ọ́n: 287. Ààlà tí wọ́n ń lò fún àárọ̀ kí èèyàn tó jẹun ni 126. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ tàbí tó kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Láti 100 dé 125, àlejò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé.

Awò tí mo bá lọ ńkọ́? Wọ́n ní kí n má tíì rà á. Ṣúgà tó ga máa ń yí bí ojú ṣe ń ríran padà, bó bá sì ti wálẹ̀, ojú á tún yí. Ẹni tó bá sáré ra awò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ á tún ra òmíràn. Tèmi já gaara lẹ́yìn oṣù méjì, mi ò ra nǹkan kan.

Ṣé ṣúgà tí mo lá ní kékeré ló fà á? Àbí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni?

Ó pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń bá ohun dídùn ṣẹjọ́. Bí ọmọ bá ti ki ọwọ́ bọ páálí ṣúgà, ìyá rẹ̀ á ti pariwo jẹdíjẹdí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pe àìsàn kan ní ìtọ̀ ṣúgà, a gbà pé ọ̀jẹun ló jẹ ẹ́ mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ó ń rìn nínú ìdílé. Ikùn tó yọ síwájú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, àti ìjókòó gbére (ẹ wo èmi tí mo ń jókòó nínú ìsọ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí tí ilẹ̀ fi ń ṣú). Mínírà ojoojúmọ́ ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí kì í fi ṣúgà sí tíì, tí tiẹ̀ sì burú ju tèmi lọ.

Ìyá tó bí bàbá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jẹrà títí ó fi kú. Wọ́n ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lóríta. Ẹnikẹ́ni kò wọn ṣúgà rẹ̀ rí, nítorí náà mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa ń rán wa lọ bu omi fún òun lóru.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, tàbí ti olówó, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ní 1971, Osuntokun, dókítà ọpọlọ àti iṣan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn níbí ti gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ Nàìjíríà 832 tó ní àtọ̀gbẹ.

Kí ni kí n máa jẹ?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ni wọ́n sì dá mi lóhùn sí burúkú jù. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ilé ìwòsàn, oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kì í tà ní Gbági ló kún inú rẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n máa jẹ ẹ̀wà nìkan. Mo jẹ ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rù, inú mi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, mo sì ń jágbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá kí mi.

Ohun tó gbà mí ni ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Ẹ bi ẹ̀rọ, ẹ má bi èèyàn. Ẹ wọn ṣúgà yín kí ẹ tó jẹun. Ẹ jẹ oúnjẹ tí ẹ máa ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ má díbọ́n fún ẹ̀rọ. Lẹ́yìn wákàtí méjì sí ìgbà tí ẹ fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ tí oúnjẹ náà ṣe lára yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé yẹn á gbọ́n ju gbogbo àwa tí à ń gbà yín nímọ̀ràn lọ.

Díẹ̀ nínú ohun tí ìwé tèmi sọ nìyí. Ara yín lè sọ òmíràn. Iyán ńlá, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, gbé mi láti 118 lọ sí 241. Iyán tí kò ju ìkúùkù mi kan lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tó pọ̀ jù ú lọ àti ẹja méjì, gbé mi dé 163 péré. Gààrí mímu pẹ̀lú ṣúgà, tí mo máa ń fi tan ebi ọ̀sán jẹ nínú ìsọ̀, gbé mi dé 268, lọ́jọ́ tí mo rò pé mi ò jẹun rárá! Ẹ̀kọ tútù kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ara mi kò janpata. Ògì gbígbóná tí mo mu kún abọ́, ó janpata gan-an, bẹ́ẹ̀ àgbàdo kan náà ni méjèèjì. Ìrẹsì ọ̀fadà sàn díẹ̀ ju ìrẹsì funfun lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Bí ẹ bá bù ú kún àwo, á fi hàn yín.

Mi ò fi oúnjẹ kankan sílẹ̀ pátápátá àfi gààrí ìmu yẹn. Bí mo ṣe ń bu oúnjẹ ni mo yí padà. Ẹ̀fọ́, ilá tàbí ewédú ló ń gba ìdajì àwo. Ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdajì èyí tó kù, òkèlè gba ìyókù. Àwa ti sọ ọbẹ̀ di ohun tí a fi ń ti òkèlè lọ́nà ọ̀fun. Ẹ yí i padà, kí òkèlè máa sin ọbẹ̀. Bí ẹ bá sì lè kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ òkèlè, ṣúgà kì í fò bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ọkọ mi ní ìwà àìmọ̀wàáhù ni kéèyàn jẹ ẹja ṣáájú òkèlè. Ó ti ń ṣe é báyìí.

Wọ́n ní àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wíìtì kì í gbé ṣúgà sókè. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí a sá, tí a lọ̀, oúnjẹ afúnni-lókun ṣì ni. Wíìtì, kódà irú èyí tí wọ́n ya àwòrán aláìsàn tó ń rẹ́rìn-ín sí lára, ìyẹ̀fun ni. Wọ́n lè sàn ju iyán lọ díẹ̀ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ń jẹ òkèlè wíìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nítorí wọ́n ní “kò ṣe nǹkan”.

Èso ńkọ́?

Ẹ jẹ ọsàn, ẹ má mu omi ọsàn. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti London sọ pé 9, ti kẹ́míìsì sọ pé 162. Èwo ló ń parọ́?

Kò sí èyí tó ń parọ́. Bí ọ̀pá àti mítà ni. Ní Ìlú Ọba, òǹkà kékeré (mmol/L) ni wọ́n ń lò. Ní Amẹ́ríkà, òǹkà ńlá (mg/dL), òun náà ni mò ń lò níbí. Níbí, ọwọ́ tí ẹ̀rọ bá gbà wọlé ni. Bí ẹ bá sọ òǹkà kékeré di ìlọ́po 18, ẹ óò rí òǹkà ńlá: 9 lọ́nà 18 ni 162. Nítorí náà 7 tiwọn ni 126 tiwa. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ má bàa ya wèrè lóru. Obìnrin kan nínú ọjà wa rí 14, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ti sàn. 252 ni ó ń wò.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka, kí ẹ sì nu ún gbẹ. Mo gún ìka lẹ́yìn tí mo bó máńgòrò fún ọmọ ọmọ mi, ẹ̀rọ ní 311. Mo fọ ọwọ́, mo tún un gún, 139. Omi máńgòrò ni mo wọ̀n. Ẹ pa ìdérí agolo strip (pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí) dé pinpin, ẹ má gbé e sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ẹ sì wo ọjọ́ tí ó máa kú.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Òun ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó kú. Èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe dáadáa kó tó lọ rí dókítà (gbogbo wa la ti ṣe é), ṣùgbọ́n kò lè tan èyí jẹ. Ẹni tó bá jẹ́ SS, àyẹ̀wò yìí kò ṣeé gbára lé fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ AS náà, kí ó sọ fún wọn ní ilé àyẹ̀wò, nítorí irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lè ní ipa lórí èsì rẹ̀.

Nígbà mìíràn ara mi á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí. Ṣé ṣúgà mi ló lọ sókè?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó lọ sílẹ̀ ni. Èyí ló yẹ kí gbogbo ará ilé yín mọ̀ ju ohunkóhun lọ, nítorí ṣúgà tó ga ń fi ọdún ṣiṣẹ́ rẹ̀, èyí tó lọ sílẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, mo ti lo oògùn àárọ̀, ó ku kí n jẹun, àwọn oníbàárà ìnáwó wọlé. Ọ̀kan ní kí n gé yáàdì márùn-ún, mo gé mẹ́jọ. Mo wá ń bá a jà pé mẹ́jọ ló pè. Òógùn tútù ti bò mí, ahọ́n mi wúwo, mo sì ń bínú bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ọmọ ìsọ̀ mi rò pé iṣẹ́ ẹ̀mí ni, ó fẹ́ gbàdúrà. Ìyá oníyẹ̀rì tó wà nísọ̀ kejì, tí ọkọ rẹ̀ náà ní in, ló sáré po ṣúgà mọ́ omi fún mi. Ẹ̀rọ sọ 48 lẹ́yìn tí mo ti mu ún.

Tó bá ti dín sí 70, tàbí 3.9 lórí ẹ̀rọ òǹkà kékeré, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ mu ṣúgà síbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin tí a pò mọ́ omi, tàbí ìdajì igo kékeré mínírà gidi (kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ “kò ní ṣúgà” sí), tàbí glúkóòsì oníyẹ̀fun. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un mu. Bó bá gòkè, ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀pà àti ṣokoléètì kì í yára tó, ọ̀rá inú wọn ń dá a dúró. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, á gba ọ̀nà èémí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ẹni tó ń lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, ní láti ṣọ́ra sí i, pàápàá bó bá ti dàgbà. Ṣúgà lè tún padà lọ sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kí ó wọ̀n ọ́n kí ó tó jókòó sí i.

Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n fún mi, ń yọ inú mi lẹ́nu. Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà. Bí ẹ bá ń lò ó láàárín oúnjẹ, tí wọ́n sì fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni inú máa ń fara mọ́ ọn. Irú kan tún wà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn, òun ni wọ́n yí tèmi sí. Bí ẹ bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ní kí wọ́n yẹ fítámì B12 yín wò, nítorí metformin lè dín in kù. Lọ́jọ́ tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín, ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó lò ó.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé oògùn ojoojúmọ́ kò ní ba kíndìnrín jẹ́. Ṣúgà tó ń ga lójoojúmọ́ ló ń bà á jẹ́, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ ní kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́dọọdún nítorí rẹ̀.

Àgbo ń kọ́? Ewúro ń kọ́?

Mo jẹ ewúro, mo ń jẹ ẹ́ títí di òní, nínú ọbẹ̀. Mi ò ní bú ewé. Ilé ewé ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀rọ. Ní 2016, mo ra àgbo kan tí ẹni tó ń tà á búra lé lórí. Mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo ń lo oògùn mi, mo sì ń wọ̀n ọ́n. Ṣúgà mi kò yí padà rárá. Ìgbẹ́ mi ló yí padà. Arákùnrin tí a jọ rà á ní tiẹ̀ kó oògùn rẹ̀ dà nù lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ń mí gùlegùle.

Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí iye tó yẹ ní mímu, kíndìnrín yín ni yóò sanwó rẹ̀ bó bá burú. Bí ẹ bá máa mu ún dandan, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ má wọ̀n ọ́n, kí ẹ ṣáà gbàgbọ́, ẹ sá fún un.

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì, èyí tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, fún mi. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá. A rí ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún, kò pẹ́, ó kú. Ohun tí a kò rí ni ọdún mẹ́wàá tí ó fi sá fún un. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa á, ìgbà tí ó gbà á ló pẹ́.

Ọmọ ọdún 14 ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní ínsúlínì, ní Toronto, ní oṣù kìíní 1922. Kí ó tó di ìgbà yẹn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Òun lo ọdún 13 sí i. Abẹ́rẹ́ ìsinsìnyí kéré bí irun, gígún ìka dùn mí jù ú lọ. Ẹ máa yí ojú ibi tí ẹ ń gún padà, ní ikùn àti itan, kí ibẹ̀ má bàa le kókó.

Iná tí kì í sí ni ìṣòro gidi. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí ń fẹ́ ìtutù fíríìjì, láàárín 2 sí 8°C. Ẹ má gbé e sínú fírísà. Èyí tó bá ti di yìnyín rí, ẹ jù ú nù, kódà bó ti yọ́. Èyí tí ẹ ti ń lò lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní yàrá tí kò gbóná. Ẹ ka ìwé inú páálí tiyín. Ṣùgbọ́n yàrá Ìbàdàn nínú oṣù kẹta, ta ló lè pè é ní yàrá tí kò gbóná? Ìkòkò amọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ń lò: kékeré nínú ńlá, yanrìn láàárín wọn, ó ń fi omi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Inú ike tó dé pinpin ni ínsúlínì rẹ̀ wà, kí omi má kàn án. Mohammed Bah Abba, ọmọ Àríwá, gba ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́ àti èso. Ìyá ìyá wa ní àmù, a sọ ọ́ di ìkòkò òdòdó.

Ṣé mo lè gba ààwẹ̀?

Mùsùlùmí tó wà láàárín yín mọ̀ pé Àlùkùránì, nínú Súrà kejì, fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn láti má gbà á, kí ó san án lọ́jọ́ mìíràn tàbí kí ó bọ́ tálákà. Àwa Kristẹni ni kì í gba àyè. A ní ààwẹ̀ gbẹrẹfu, láìmu omi, ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá sì jẹun nínú rẹ̀ dà bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Èyí tó ń lo metformin nìkan, tí ṣúgà rẹ̀ dúró, dókítà lè yí àsìkò oògùn rẹ̀ padà kó sì gbà á. Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí Daonil, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ léwu. Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tí oṣù lé. Bí ẹ bá ń gbà á, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Gígún ìka kò ba ààwẹ̀ jẹ́, àwọn àáfà tí mo bi ló sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá dín sí 70 tàbí bó bá kọjá 300, ẹ jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ń fi mínírà àti ẹran gba ààwẹ̀ báyìí: mi ò fọwọ́ kàn wọ́n fún ogójì ọjọ́. Pásítọ̀ wa kọ́kọ́ wò mí bákan.

Kí ni mo fẹ́ ṣe níbi àríyá?

Ẹ jẹun nílé kí ẹ tó jáde. Ní ọ̀wàǹbẹ̀, aago mẹ́ta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ tí wọ́n pè ní ti aago méjìlá, ìrẹsì sì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Ẹ mú omi lórí tábìlì kí wọ́n tó kó mọ́ọ̀tì dé. Ọ̀pọ̀ gbà pé mọ́ọ̀tì ń fún ara lẹ́jẹ̀. Ẹ ka ara igo, ẹ óò rí iye ṣúgà inú rẹ̀. Nínú òfin ìnáwó 2021, ìjọba fi náírà 10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ẹni tó gbé igo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ẹ jó. Mi ò ṣàwàdà. Ìwé mi sọ pé àríyá tí mo jó fún wákàtí kan, mo padà sílé pẹ̀lú 134. Èyí tí mo jókòó tí mo ń kí èèyàn, 219, oúnjẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra sì ni mo jẹ.

Wọ́n ní kí n máa wo ẹsẹ̀ mi. Kí ni mò ń wò?

Lálálẹ́, lábẹ́ iná, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀, ẹ fi dígí sílẹ̀, tàbí kí ẹ pe ọmọ. Ṣúgà tó ga fún ọdún gbọọrọ ń pa iṣan tí a fi ń mọ ìrora, ẹsẹ̀ á kú tipiri, bí ìṣó bá wọlé, ẹ kò ní mọ̀. Ìṣó kékeré ni ó fi máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa pè é ní ọfà nígbà tó bá yá. Ẹ má rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀. Ìgbúnwọ́ ni kí ẹ fi tọ́ omi wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń gé èékánná kiri àdúgbò fi ọ̀bẹ rẹ̀ kàn yín. Ojú egbò tí kò bá jiná láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe òrí àti epo.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò lè béèrè lójú dókítà…

Mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n á máa yí fìlà kiri lọ́wọ́. Àtọ̀gbẹ lè mú kí nǹkan ọkùnrin má dìde mọ́, nítorí iṣan àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bà jẹ́. Ó wọ́pọ̀, oògùn wà fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ike nínú bọ́ọ̀sì lè pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe wàhálà. Ẹ sọ fún dókítà; kì í ṣe ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Obìnrin, tiwa ni yíyún ojú ara tí kì í lọ, tí a fi ń fura sí ọkọ. Wọ́n wọn ṣúgà ọ̀rẹ́ mi kan, ìjà ilé rẹ̀ parí.

Ṣé kí n sọ fún àwọn èèyàn?

Ẹ sọ fún ẹni tó lè po ṣúgà mọ́ omi. Ọmọ ìsọ̀, alábàágbé, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ fún gbogbo ẹbí ọkọ mi, nítorí ó ti di pé bí mo bá na ọwọ́ sí ẹran, àbúrò ọkọ mi á ní, “Ìyàwó wa, ṣé wọ́n ní kí ẹ jẹ ẹ́?” níwájú àlejò. Ẹran kò ní ṣúgà, arákùnrin.

Owó strip ti pọ̀ jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wọ̀n ọ́n?

Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò náà. Òfin náà kò tíì ra strip kankan fún mi. Ẹ fi ọgbọ́n lo èyí tí ẹ ní. Ẹ má wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nìkan lójoojúmọ́, nọ́ńbà kan náà ni ẹ óò máa rí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré; lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ọ̀sán; lẹ́yìn náà, ti alẹ́. Ẹni tó ń lo ínsúlínì kò lè ṣe èyí, ó ní láti máa wọ̀n ọ́n gan-an. Àwa mẹ́rin nínú ọjà ń dáwó ra strip, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní abẹ́rẹ́ ìka tirẹ̀.

Ṣé ó lè lọ pátápátá?

Ó lè sinmi. Àwọn kan, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́ mélòó kan, tí wọ́n bá fọn dáadáa, HbA1c wọn á dín sí 6.5% fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlo oògùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì ní láti máa lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá gbàdúrà fún yín tí ẹ sì gbà pé ẹ ti rí ìwòsàn, ẹ yọ̀, ẹ jẹ́rìí, kí ẹ tó kó oògùn dà nù ẹ lọ ṣe HbA1c. Ìwòsàn tó bá dé lóòótọ́ kò ní bẹ̀rù àyẹ̀wò.

Àgbálùmọ̀ ti dé. Ṣé mo lè jẹ?

Ẹ wọn ṣúgà. Ẹ jẹ méjì. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí méjì. Tèmi lóṣù kìíní: 121, lẹ́yìn rẹ̀ 146. Mo wá jẹ ẹ̀kẹta.